Lílu ìyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé mọ́: Ọ̀nà jíjìn tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-obìnrin rìn kí òfin tó dé Àkúrẹ́

Àwọn ará Àkúrẹ́ kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú wọn ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2010. Kábíyèsí tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, Ọba Olúwadáre Adéṣínà Adépọ̀jù, Déjì ìlú Àkúrẹ́, ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó lọ ká ọ̀kan nínú àwọn olorì rẹ̀, ẹni tí kò gbé ààfin mọ́, tí ìjà náà sì di ìran àpéwò níta gbangba. Ìwé ìròyìn gbé e, rédíò ń sọ ọ́, àwọn àgbà ìlú sì ń fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí yóò fi di inú oṣù kẹfà, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò ti rọ̀ ọ́ lóyè. Láàárín ọdún náà ni Ọba Adébíyìí Adégbóyè Adéṣídà gorí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló pàtẹ́wọ́ fún ìjọba. Wọ́n ní bí wọ́n bá lè torí obìnrin rọ ọba lóyè, a jẹ́ pé ìyà obìnrin ti dópin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà yóò rí i pé òfin oyè ni ìjọba lò, òfin tó ní ẹni tó dé adé kò gbọ́dọ̀ hùwà tó ń tàbùkù adé. Kì í ṣe òfin tó ní ọkọ kò gbọ́dọ̀ na ìyàwó. Bó bá jẹ́ pé akọ̀wé ìjọba kan tó ń gbé ní Ẹ́sítéètì Ijapo ló ṣe irú ìwà yẹn ńkọ́, tàbí awakọ̀ kan ní ìlú Oǹdó? Oyè wo ni wọn ì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ni àwọn obìnrin kan ti fi gbogbo ayé wọn dáhùn, tí wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ṣíṣe bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ náà kò ní àwọ̀ mèremère. Ó jẹ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ, ìpàdé, ìdúró ní àgọ́ ọlọ́pàá lóru, àti ìdúnàádúrà pẹ̀lú àwọn aṣòfin tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ilé. Ní agboolé àtijọ́, bí ọkọ bá gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó, ìró rẹ̀ yóò dé etí ìyá ọkọ, yóò dé etí àwọn ìyálé àti àwọn àna. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yóò ké láti ọ̀ọ̀dẹ̀ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ààbò díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í kàn ṣe pé ó tó. Agboolé kan náà tó gba obìnrin sílẹ̀ lálẹ́ ni yóò ní kó lọ kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, nítorí ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Bó bá sì padà sílé baba rẹ̀, orúkọ ń dúró dè é níbẹ̀: dálémoṣú. Ní àdúgbò ìgbàlódé bí Ijapo, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní ọgbà tirẹ̀ àti géètì tirẹ̀, tí ẹ̀rọ amúnáwá ń dún láti ìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ wà lábúlé, aládùúgbò kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìtìjú tó wà ní agboolé tẹ̀ lé wọn dé ẹ́sítéètì, àwọn tó lè là wọ́n nìkan ni kò bá wọn wá. Ẹni tó bá rò pé àìkàwé ló ń fa lílu ìyàwó kò tíì bá àwọn tó ń gba ẹjọ́ wọ̀nyí sọ̀rọ̀ rí.

Ìwádìí ńlá tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà máa ń ṣe lórí ètò ìlera àti ìdílé, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, àwọn 31 ni wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti ṣe léṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ tàbí tí wọ́n ti fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ rí. Iye kan tó tún ju èyí lọ lójú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni pé, nínú gbogbo àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, àwọn 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ wá ìrànlọ́wọ́, òfin wo ni wọn yóò bá níbẹ̀? Òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún ìhà Gúúsù ní ìjìyà fún ẹni tó bá na ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa ilé tí ẹni tó ń na èèyàn àti ẹni tí wọ́n ń nà jọ ń sùn sí. Ní ti ìfipábánilòpọ̀, òfin náà yọ ọkọ sílẹ̀; kò gbà pé ọkọ lè fipá bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀. Ẹ tún wo ohun ìyàlẹ́nu kan: ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ọkùnrin lọ́nà àìtọ́ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ obìnrin ló fi ọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀, ọdún méjì ni. Ní ìhà Àríwá, òfin tiwọn, ní abala 55, fún ọkọ láyè láti fi nínà bá ìyàwó rẹ̀ wí níbi tí àṣà bá ti gbà á, bí kò bá ṣáà ti ṣe é léṣe tó burú jáì. Ìwé òfin ni wọ́n kọ ọ́ sí, dúdú lórí funfun.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìjà yìí di iṣẹ́ gidi ní Nàìjíríà ni Josephine Effah-Chukwuma. Ọmọ Yorùbá kọ́, ṣùgbọ́n Èkó ló ti ṣe é. Ní ọdún 1999, nígbà tí ìjọba ológun ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Project Alert on Violence Against Women. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ìgbà náà, ẹjọ́ àwọn tí sọ́jà tì mọ́lé ni wọ́n ń ṣe. Lójú wọn, ìjọba nìkan ló lè fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dù ú. Obìnrin yìí ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ọkọ pàápàá lè ṣe é, nínú yàrá.

Ohun àkọ́kọ́ tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò la ariwo lọ. Kíkà ni. Wọ́n ń ka àwọn obìnrin tí wọ́n lù, tí wọ́n da omi ásíìdì sí lára, tí wọ́n pa; wọ́n ń gé e nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá wọ ọ́fíìsì aṣòfin, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bá pàdé ni pé, “Mélòó ni wọ́n?” Bí kò bá ní iye, wọn yóò ní àwọn obìnrin tó kàwé jù ló ń da ìlú rú.

Nígbà tó di ọdún 2001, àjọ náà ṣí ilé ààbò kan tí wọ́n pè ní Sophia’s Place, èyí tó wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà fún àwọn obìnrin tó sá kúrò nílé nítorí lílù. Kò sí ohun tó nira nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tó ilé ààbò. A kì í kọ àdírẹ́sì rẹ̀ síta, nítorí ọkọ yóò wá a kàn. Obìnrin tó bá dé síbẹ̀ lè má mú nǹkan kan dání ju ọmọ méjì àti báàgì kan lọ. Àwọn ọmọ ní láti lọ sílé ìwé, ìyá wọn ní láti rí ohun tí yóò máa tà, ó sì ní láti rí agbẹjọ́rò tí kò ní gba owó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òmíràn yóò padà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í bínú sí i. Owó ilé, owó ilé ìwé àti ẹnu ayé ló ń fa obìnrin padà, kì í ṣe pé ìyà dùn mọ́ ọn.

Ọ̀nà tí Erelú Bísí Adélẹ́yẹ-Fáyẹmí gbà yàtọ̀ díẹ̀. Ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní ìlú Liverpool. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì Ifẹ̀. Láti 1991 títí di 2001 ni ó fi jẹ́ olùdarí Akina Mama wa Afrika, àjọ àwọn obìnrin Áfíríkà tó wà ní London nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni òun, Joana Foster ọmọ Gánà àti Hilda Tadria ọmọ Uganda dá àpò owó kan sílẹ̀ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Accra, èyí tí wọ́n ń pè ní African Women’s Development Fund. Ó ti rí i pé àwọn àjọ kéékèèké bíi ti Project Alert kì í kú nítorí àìní ọgbọ́n. Owó ilé àti owó iná ni wọn kì í rí san. Àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè ló ń pinnu iṣẹ́ tí obìnrin Áfíríkà yóò ṣe. Àpò tí obìnrin Áfíríkà dì, tí obìnrin Áfíríkà ń ná, ni wọ́n fi dáhùn.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí, di gómìnà Èkìtì ní ọdún 2010, ó rí àyè tí ọ̀pọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kì í rí láé: àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń buwọ́ lu òfin. Òmíràn ì bá fi àga yẹn pín ìrẹsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ lásán. Ní ọdún 2011, ọdún kan péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Déjì, Èkìtì ṣe òfin tó ka ìwà ipá sí obìnrin léèwọ̀. Wọ́n tún un ṣe ní 2019 nígbà tí wọ́n padà sí ìjọba. Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Àkúrẹ́ gbọ̀ngbọ̀n, torí pé títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ìpínlẹ̀ kan náà ni Èkìtì àti Oǹdó, Àkúrẹ́ sì ni olú ìlú wọn. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn 2011, obìnrin tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ní òfin tó dá dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó wà ní Àkúrẹ́, tí wọn kò jìnnà síra wọn, ń wò ó lókèèrè.

Lókè, ní Àbújá, iṣẹ́ mìíràn ń lọ. Láti nǹkan bí ọdún 2001 ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ti para pọ̀ láti gbé àbá òfin lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Àbá náà wọlé, ó sùn. Sáà àwọn aṣòfin kan parí, wọ́n tún gbé e fún àwọn tuntun. Ó tún sùn. Àwọn kan nínú ilé náà ní òfin fún obìnrin nìkan kò bá ìdọ́gba mu. Àwọn tó gbé e wá kò jiyàn. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n pè é ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí VAPP. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń lù náà lè fi òfin yìí gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2015, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ààrẹ Goodluck Jonathan gbéjọba sílẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ti ìwé kan ṣoṣo gun òkè.

Síbẹ̀, Àbújá nìkan ni òfin náà dé. Bí Nàìjíríà ṣe rí nìyẹn: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tí wọ́n sì pa ní ọdún 2020, lásìkò ìséde àrùn kòrónà, ló mú kí àwọn gómìnà 36 kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nínú oṣù kẹfà ọdún náà. Ní ọdún 2021 ni òfin VAPP di òfin ìpínlẹ̀ Oǹdó, lábẹ́ Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ẹni tó dolóògbé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó ìwà ipá abẹ́lé. Ìpínlẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ kò ṣeé sọ láìdárúkọ Pùpùpù, obìnrin tó jẹ Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́ nílùú Oǹdó, níbi tó jẹ́ pé obìnrin, Lóbùn, ni ó ń fi Ọ̀ṣemàwé jẹ títí di òní, kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni òfin náà sọ? Ẹ jẹ́ kí a mú ti àpapọ̀, èyí tí ti àwọn ìpínlẹ̀ jáde lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ lè yí iye ọdún padà. Ẹni tó bá na ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún mẹ́ta tàbí kó san 200,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá fi ipá lé ìyàwó rẹ̀ jáde kúrò nílé lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ẹni tó bá fi àṣà opó fi ìyà jẹ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, ọdún méjì náà. Dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin, ọdún mẹ́rin. Ìfipábánilòpọ̀ àti dída ásíìdì síni lára lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n gbére. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn ọkùnrin kó ara wọn jọ láti fipá bá ẹnìkan lò pọ̀, ẹ̀wọ̀n wọn kò gbọ́dọ̀ dín ní ogún ọdún, kò sì sí àyè owó ìtanràn. Òfin náà kò yọ ọkọ sílẹ̀ nínú ìfipábánilòpọ̀ bíi ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí lílù náà dúró. Yorùbá sì ti sọ pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn tó kọ òfin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi àṣẹ ìdáàbòbò sí i. Ilé ẹjọ́ gíga lè pàṣẹ pé kí ọkùnrin kan má ṣe lu ìyàwó rẹ̀ mọ́, kí ó má dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó má tilẹ̀ wọ inú ilé tí wọ́n jọ ń gbé. Ó lè ní kí ọlọ́pàá gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹjọ́ ọ̀daràn bá parí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ kánjúkánjú, adájọ́ lè kọ́kọ́ fún obìnrin náà ní ti ìgbà díẹ̀ kí ọkọ tó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọkùnrin tó bá rú àṣẹ náà ti rú òfin ilé ẹjọ́, ìyẹn sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ti àwọn tó yẹ kó mú un ṣẹ. Òfin ní kí ọlọ́pàá ran ẹni tí wọ́n lù lọ́wọ́ láti kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú un dé ibi ààbò tàbí ilé ìwòsàn, kí ó sì ṣàlàyé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Ohun tí obìnrin ń gbọ́ lórí káńtà ni pé, “Màdáàmù, ẹ lọ bá àwọn àgbà ilé yín sọ ọ́.” Bí ẹjọ́ bá sì dé kóòtù, àwọn ẹbí méjèèjì yóò kóra jọ, pásítọ̀ tàbí àlùfáà yóò bá wọn dá sí i, ẹlẹ́rìí kò ní yọjú mọ́, ẹjọ́ yóò sì kú. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2022 ni olórin ẹ̀mí nì, Osinachi Nwachukwu, kú ní Àbújá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí wá ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nílé ọkọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹjọ́ náà gbà kí ilé ẹjọ́ tó dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tí wọ́n sì ní kí wọ́n yẹgi fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ ní ọjọ́ Ajé.

Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń lo àkókò púpọ̀ lónìí láti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti àwọn olórí ẹ̀sìn ní ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá fipá bá obìnrin tàbí ọmọ lò pọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kí ó tó wẹ̀. Oògùn tó ń dènà kòkòrò àrùn éèdì gbọ́dọ̀ wọlé kó tó pé wákàtí 72. Èyí tó ń dènà oyún náà, bó bá ṣe tètè tó ló dára tó. Aṣọ tó wọ̀ nígbà náà, inú àpò bébà ni kí wọ́n kó o sí, kì í ṣe inú ọ̀rá, torí ọ̀rá ń mú kó bu, ẹ̀rí á sì bàjẹ́. Ẹ̀tọ́ ẹni náà ni ìtọ́jú. Bí wọ́n bá lu obìnrin, kí ó ya àwòrán ojú ọgbẹ́, kí ó sì tọ́jú káàdì ilé ìwòsàn tó kọ ọjọ́ sí.

Ó sì ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ aládùúgbò ní Ijapo àti níbòmíràn kò mọ̀. Obìnrin náà nìkan kọ́ ló lè lọ béèrè àṣẹ ìdáàbòbò. Bó bá ti kọ̀wé gbà á, ọlọ́pàá lè bá a béèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ ìlera, olùkọ́ àti àjọ tí kì í ṣe tìjọba. Bó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí ẹni tí wọ́n lù tó ti dákú, ìwé yẹn pàápàá kò pọn dandan.